Bátìrì Lọ Sílẹ̀ Láàrin Programming: Ohun Tí Ṣájà Lè Ṣe, Àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ rìwáyà ní Òṣogbo kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Camry tòkunbọ̀ kan ló wà lọ́wọ́ mi, oníbàárà ní kí n bá òun ṣe programming brain box ẹ́ńjìnì rẹ̀. Mo mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ ti gbó díẹ̀, torí náà mo so ṣájà amp 10 mọ́ ọn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ dé nǹkan bí 60%, laptop ní òun ò rí mọ́tò mọ́. Mo fi mítà wo orí bátìrì, volt 11.1 ni mo bá níbẹ̀. Láti ìgbà náà ẹ́ńjìnì ò start, iná 'check engine' pàápàá kò tàn mọ́ tí mo bá ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹnìkan ní ṣájà tí mo so mọ́ ọn ló bà á jẹ́, pé wọn kì í so ṣájà mọ́ mọ́tò tí wọ́n bá ń kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹlòmíràn ní mọ́tò míì ló yẹ kí n fi jump ú, kí ẹ́ńjìnì tọ̀hún máa ṣiṣẹ́ lọ. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀? Ṣé brain box yìí ti kú nìyẹn?"

Ẹ kú wàhálà. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí mo mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí ẹ sùn: ó ṣeé ṣe dáadáa kí brain box yẹn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, má tíì kú. Programming ni kí a fi laptop kọ software tuntun sínú rẹ̀. Kí iná má tó láàrin iṣẹ́ kì í sábà jó nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé software tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ dúró ní ìlàjì, ìlàjì náà ò sì lè gbé ẹ́ńjìnì. Ní ti àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn, kálukú wọn ló di etí òótọ́ kan mú. Ṣájà lè dá kún ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ẹ so ó mọ́ mọ́tò. Amp 10 ló kéré, bátìrì tó sì yẹ kó gbè é lẹ́sẹ̀ ti rẹ̀. Ti mọ́tò míì tí wọ́n ní kí ẹ fi jump, èmi ò ní fi í ṣe é, màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Camry náà kúrò nílẹ̀. Ẹ má tíì tú brain box, ẹ má sì tíì rán ẹnikẹ́ni lọ sí ọjà Ládípọ̀ láti ra òmíràn. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ bátìrì tó ti rẹ̀ yẹn, kí ẹ fi èyí tó kún dáadáa sí i. Kí ẹ tó so laptop, ẹ wo fíúsì àti relay (switch kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀) tí wọ́n kọ EFI sí nínú àpótí fíúsì, kí ẹ sì wo wáyà earth tó so ẹ́ńjìnì mọ́ ara mọ́tò. Iná 'check engine' tó kọ̀ tí kò tàn rárá nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON lè jẹ́ àmì pé kò sí software tó pé nínú brain box tó lè tan án. Ó sì tún lè jẹ́ pé iná gan-an ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti rí brain box tí wọ́n ti sọ pé ó kú, tí wọ́n ti ń dá owó òmíràn jọ, tó sì jẹ́ pé fíúsì kan ló já nígbà tí wọ́n ń yọ bátìrì tí wọ́n sì ń fi í padà. Ẹ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi ojú lásán wò ó.

Bí iná bá dé ibẹ̀, ẹ lo laptop, wáyà àti fáìlì tí ẹ lò lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà látòkèdélẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ brain box, apá kékeré kan wà tí programming ojoojúmọ́ kì í fọwọ́ kàn, bootloader ni à ń pè é. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gba fáìlì tuntun wọlé lọ. Tó bá ṣì wà, laptop á ṣì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ́ńjìnì ò tilẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Bí software yín bá ní ibi tí wọ́n kọ 'recovery' tàbí 'retry' sí, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹ má tìtorí ìbínú mú fáìlì mìíràn tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kódà kí ó jẹ́ pé Camry ọdún kan náà ló ti wá, torí nọ́ńbà calibration wọn, èyí tó ń sọ irú software tí wọ́n ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lè yàtọ̀. Bí brain box bá kọ̀ tí kò dáhùn rárá lẹ́yìn gbogbo èyí, iṣẹ́ ti kúrò lára mọ́tò nìyẹn, ó di ti orí tábìlì: ẹni tó ní irinṣẹ́ tó ń ka flash, ìyẹn ibi tí brain box ń tọ́jú software rẹ̀ sí, tààrà láti ojú bọ́ọ̀dù ni kó ṣí i. Tí ẹ kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ má fi ti oníbàárà kọ́ṣẹ́.

Ìdí tí ìlàjì iṣẹ́ fi burú ju kí a má ṣe é rárá lọ wà nínú bí flash ṣe ń gba ìkọ̀wé. Kì í gbà kí a kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. A ní láti kọ́kọ́ nu àtijọ́ dànù, ní ìpín-ìpín, kí a tó kọ tuntun sí àyè tó ṣófo. Láti ìgbà tí laptop bá ti kọ 'erasing' síwájú yín, títí dìgbà tó máa parí tó sì máa yẹ gbogbo rẹ̀ wò bóyá ó pé, mọ́tò yẹn kò ní kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì. Bí volt bá wálẹ̀ jù láàrin àkókò yẹn, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, laptop á sì máa pe ẹni tí kò dáhùn. Àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀ pé ibi tí ewu wà nìyẹn. Ìwé ìlànà tí Toyota ń fún àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún irú iṣẹ́ yìí sọ ọ́ láìfi bò pé volt bátìrì kò gbọdọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ 11.4. Wọ́n tún ní kí wọ́n pa rédíò, AC, blower (fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú mọ́tò) àti iná ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, kí laptop wà lórí iná tirẹ̀, kí ó má jẹ́ bátìrì inú rẹ̀ ni yóò gbé e. 11.1 tí ẹ bá lórí mítà ti wà nísàlẹ̀ ààlà yẹn, ó sì ṣeé ṣe kó ti lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú tí laptop sọ mọ́tò nù, kó sì ti gbé orí díẹ̀ kí ẹ tó mú mítà.

Ṣùgbọ́n kí ló jẹ gbogbo iná yẹn? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí ẹ́ńjìnì ò bá ti ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba ohun tí rédíò ń jẹ ni mọ́tò ń jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON, gbogbo kọ̀ǹpútà ló jí: ti ẹ́ńjìnì, ti gíà, ti ABS tó ń ṣọ́ bíréèkì, ti airbag, ti dáṣíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú gbogbo relay tí wọ́n ń di mú. Amp 10 kì í pẹ́ pé, ó sì lè tó 20. Bí iná iwájú bá tàn fúnra rẹ̀, bí blower bá ń fẹ́, ó tún ròkè. Èyí tó máa ń bá ọ̀pọ̀ wa lójijì ni fáànù rédíétọ̀. Lára mọ́tò tó pọ̀, bí ohùn brain box ẹ́ńjìnì bá ti dákẹ́, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ààbò ni wọ́n ṣe é fún, kí ẹ́ńjìnì má baà gbóná kọjá ààlà bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kú lójú ọ̀nà. Àmọ́ láàrin programming, brain box ti dákẹ́ lóòótọ́, fáànù ò sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní kó dákẹ́. Fáànù bẹ́ẹ̀ nìkan lè jẹ amp 20 sí 40. Ẹ ronú padà: tí ẹ bá rántí pé ẹ gbọ́ tí fáànù ń hó gooro kí laptop tó sọ mọ́tò nù, ibẹ̀ ni bátìrì yín gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní mọ́tò ń jẹ amp 30, tí ṣájà ń fún un ní 10. Amp 20 tó kù, bátìrì ló ń san án. Bátìrì 60Ah (Ah ni iye amp tó lè mú wá fún wákàtí kan) tí ọjọ́ orí ti gé agbára rẹ̀ sí ìdajì kò ju 30Ah lọ mọ́. Lórí ìwé, ó yẹ kó gbé e fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n volt kì í dúró kí bátìrì tán pátápátá kí ó tó máa wálẹ̀. Bátìrì tó gbó á ti já wá sí 11.4 kí ìdajì àkókò yẹn tó pé, nígbà míì láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan péré. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ṣájà yín kọ́ ló pa iṣẹ́ náà. Ohun tó ń mú wọlé ni kò tó ohun tó ń jáde.

Bátìrì gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, òun ló sì yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó gbé laptop jáde nínú báàgì. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì mọ́tò wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú nǹkan bí volt 2.1 wá. Èyí tó kún tó sì ti sinmi yóò fi 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ hàn. 12.4 túmọ̀ sí pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kù, 12.2 ní ìdajì ló kù, 12.0 sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, torí bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà máa ń purọ́. Á fi 13 hàn yín bí ẹni pé ọ̀dọ́ ni. Ẹ tan iná iwájú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kí ẹ tó kà á. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹrù lórí: kọ́kọ́rọ́ ní ON, blower ní pípa, kí ẹ máa wo mítà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá já wá sí ìsàlẹ̀ 12.2 láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀, ṣájà ìbáà wà níbẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa máa ń tètè pa bátìrì, pàápàá èyí tó ti bá mọ́tò rìn láti òkè òkun tó sì ti dá jókòó ní èbúté fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tó start rẹ̀. Irú rẹ̀ lè start ẹ́ńjìnì ní ẹ̀rín-ẹ̀rín láàárọ̀, kó má sì lè di ẹrù kékeré mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ṣájà. Wọ́n ṣe ṣájà láti kún bátìrì ni. Ohun tí programming ń fẹ́ ni ẹ̀rọ tó máa di volt mú sójú kan nígbà tí ẹrù ń gòkè tó ń sọ̀. Iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra. Ẹni tó ń pọn omi kún àgbá kò bìkítà bí omi ṣe ń ru nínú rẹ̀, bó bá ṣáà ti kún. Ẹni tó ń bu omi mu nínú àgbá kan náà ní àkókò kan náà ló máa mu erùpẹ̀. Ṣájà onítíráńsífọ́mà tó wà ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì ní títì, èyí tó wúwo tó sì ń kùn hùn-ùn, kì í fún bátìrì ní iná tó tẹ́jú. Iná NEPA ń yí ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣájà yẹn á sì máa ta bátìrì ní ìgbà 100 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Bátìrì tó lágbára máa ń gbé ìtapa náà mì. Bátìrì tó ti gbó kò lè gbé e mì, ó ń jẹ́ kó kọjá sára kọ̀ǹpútà, volt sì lè fò dé 16 lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti yín, ẹ yí mítà sí volt AC (iná tó ń yí bíi ti NEPA, kì í ṣe AC tó ń mú mọ́tò tutù), ẹ fi sórí bátìrì nígbà tí ṣájà ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ju ìdajì volt lọ, èmi ò ní so ó mọ́ mọ́tò tí mò ń kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọn mítà olówó pọ́ọ́kú kan wà tó máa ń fi nǹkan bí 25 hàn lórí AC nígbà tí a bá gbé e lé bátìrì lásán. Ẹ pààrọ̀ wáyà pupa àti dúdú, bí irọ́ ni, á padà sí òdo.

Ṣájà ayé òde òní tó ní kọ̀ǹpútà nínú náà ní tirẹ̀. Ìpele-ìpele ló ń ṣiṣẹ́: á ti iná wọlé, á dín in kù, á dúró díẹ̀ láti wo bátìrì, á tún bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá rí i pé iná ń wọlé ṣùgbọ́n bátìrì kò kún, torí mọ́tò ń jẹ ẹ́, ó lè rò pé bátìrì ti bàjẹ́, kó sì pa ara rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó ní 'repair' tàbí 'desulphation' lè gbé volt kọjá 15, ẹ má ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn nígbà tí bátìrì bá wà lára mọ́tò. Ẹ wò ó bóyá ó ní ibi tí wọ́n kọ 'supply' tàbí 'power supply' sí. Tí kò bá ní, ẹ lò ó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú láti kún bátìrì, kí ẹ sì tú u kúrò láàárọ̀.

Èyí ni òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kí ẹ má so ṣájà kankan. Bátìrì tó kún tó sì lágbára, pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò gùn, sàn ju ṣájà burúkú lọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó di òfin, torí iṣẹ́ tó gba wákàtí wà, bátìrì kan ò sì lè dá gbé e. Ní ti jump, bí ẹ́ńjìnì mọ́tò kejì bá ń ṣiṣẹ́, alternator rẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná, ló ń pinnu volt fún mọ́tò méjèèjì. Ó ń gòkè ó ń sọ̀ pẹ̀lú bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yára, ó sì ní ariwo tirẹ̀ nínú wáyà. Èyí tó burú jù ni kí klíìpù kan yọ lójijì nígbà tí alternator ń ti iná púpọ̀ jáde: volt á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè jó nǹkan nínú mọ́tò méjèèjì. Bí mọ́tò kejì nìkan lẹ ní, ẹ pa ẹ́ńjìnì rẹ̀, kí ó jẹ́ bátìrì rẹ̀ nìkan lẹ fẹ́ lò. Ìyẹn ò burú.

Ohun tó tọ́ jù ni power supply tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an, tó ń di volt mú sí nǹkan bí 13.5. Fún Toyota, Honda àti irú wọn, amp 50 á gbé e tinútinú, pẹ̀lú fáànù lórí. BMW, Mercedes àti Audi tí kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ lè fẹ́ 70 tàbí 100, torí wọ́n lè fi wákàtí gbáko kọ ọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ náà wọ́n, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Iná tó ń jẹ náà sì yẹ ká rò: amp 50 lórí volt 13.5 jẹ́ watt 675, tí a bá sì fi ohun tó ń ṣòfò nínú ẹ̀rọ kún un, ó tó nǹkan bí 800 tó máa fà lára ògiri. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò ní lè gbé e. Á máa wọ́ra, á sì kú sí yín lọ́wọ́. Kí ẹ lo 2.5kVA, kí ẹ da epo kún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tan án láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má gbọ́kàn lé iná NEPA kí ẹ wá máa sáré wá jẹnẹrétọ̀ nígbà tí wọ́n bá mú un lọ. Power supply tí iná rẹ̀ lọ á sọ volt yín kalẹ̀ láti 13.5 sí ohun tí bátìrì bá ní. Ìdí nìyí tí bátìrì fi gbọ́dọ̀ dára kódà bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ láyé.

Bí owó power supply ò bá tíì sí, ọ̀nà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni bátìrì méjì. Ẹ ra ọ̀kan tó tóbi, 75Ah tàbí 100Ah, kí ó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnikẹ́ni má fi start mọ́tò. Ẹ kún un lálẹ́. Láàárọ̀ ẹ so ó mọ́ ti mọ́tò pẹ̀lú wáyà tó nípọn, pósítíìfù sí pósítíìfù, earth sí earth, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé volt àwọn méjèèjì kò jìnnà síra. Bí ti mọ́tò bá ti gbẹ, ẹ ṣáàjì rẹ̀ kọ́kọ́, tàbí kí ẹ yọ ọ́ pátápátá kí ẹ fi ti ṣọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀. Bátìrì ò ní ariwo, NEPA ò lè mú un lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè fún yín ní 13.5. Software kan á kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ bí ó bá rí volt tó kéré sí èyí tí òun fẹ́, ìyẹn ò sì ní ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bátìrì lithium 12.8 tí àwọn onísólà ń tà báyìí dára sí i níbẹ̀: yóò dúró sí nǹkan bí 13.2, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ààbò inú rẹ̀ lè gé iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹrù bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, láìsọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ẹ fi máa fura. Èyí tí ààbò rẹ̀ gba amp 100 ni kí ẹ wá. Ẹ má sì so ó mọ́ bátìrì mọ́tò tó ti gbẹ, torí èyí tó gbẹ á fa iná lára rẹ̀ bí ẹni tí òùngbẹ ń pa.

Ní ti síso, pósítíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ so, earth ni kẹ́yìn, kí ẹ sì so earth mọ́ irin ara mọ́tò tó mọ́, tó jìnnà sí bátìrì. Bátìrì tó ń gba iná máa ń tú gáàsì hydrogen jáde, iná kékeré tó ta pàrà lórí rẹ̀ sì ti fọ́ ojú ẹlòmíràn. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun ní ẹ̀rọ kékeré kan lórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì tó ń ka iye iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Tí ẹ bá so mọ́ orí bátìrì gan-an, iná yín kò kọjá lójú rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ á sì wọ́. Klíìpù gbọ́dọ̀ jẹ irin dáadáa. Wáyà tínrín àti klíìpù tó ti dípẹtà lè gba odindi volt kan mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ ó máa rí 13.5 lára ẹ̀rọ, 12.5 ló ń dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Torí náà, ibi tí mo máa ń ka volt ni ihò OBD fúnra rẹ̀, ibi tí à ń ki wáyà laptop sí, èyí tó ti wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 1996. Ẹsẹ̀ 16 ni pósítíìfù bátìrì, ẹsẹ̀ 4 àti 5 ni earth. Bí iye tó wà níbẹ̀ bá fi ju volt 0.3 lọ kéré sí ti orí bátìrì, ẹ wá ibi tó ti ń jò kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kankan.

Ìmọ̀ràn yìí kò mọ sórí programming nìkan. Bí ẹ bá kàn fẹ́ ṣe scan, tí mọ́tò wà ní ON fún ìgbà pípẹ́ tí ẹ ń wá àléébù, bátìrì tó ń sọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bí àléébù tuntun fún yín. Ẹ ó rí P0562 tó ń sọ pé volt kéré, ẹ ó rí U0100 tó ń sọ pé wọn ò gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, ẹ ó rí ti ABS, ti steering, ti airbag, wọ́n á tò lọ rẹrẹ. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i pé ẹnìkan ti ra module ABS nítorí irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ kún bátìrì, kí ẹ pa gbogbo kóòdù rẹ́, kí ẹ wa mọ́tò díẹ̀, kí ẹ tún kà á. Èyí tó bá padà wá nìkan ni kí ẹ máa lé.

Laptop náà lè fa irú ìjàǹbá kan náà, bí bátìrì mọ́tò bá tilẹ̀ dára. Ẹ so ó mọ́ iná, ẹ sọ fún un kó má sùn, ẹ dá update Windows dúró, ẹ sì gba gbogbo fáìlì sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí data má baà tán láàrin. Wáyà ni kí ẹ lò, ẹ má lo Bluetooth. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́tò, kí ẹ sọ fún ọmọdé ṣọ́ọ̀bù pé kí ó má jókòó sínú rẹ̀.

Mọ́tò hybrid tó ń lo epo àti bátìrì ńlá pọ̀, bíi Prius, yàtọ̀. Bátìrì volt 12 rẹ̀ kéré, ẹ̀yìn ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, nígbà tí mọ́tò bá sì wà ní READY ni bátìrì ńlá rẹ̀, tó lé ní volt 200, ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ON lásán ni iṣẹ́ programming máa ń fẹ́, kì í ṣe READY, torí náà bátìrì kékeré yẹn ló ń dá gbé gbogbo ẹrù. Ẹ fi power supply tì í lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan, torí ibẹ̀ ni iná bátìrì ńlá yẹn ń gbà.

Mi ò lè jókòó síbí kí n ṣèlérí pé Camry yín á jí. Bí ó bá jẹ́ pé volt lọ sílẹ̀ ni, tí bootloader sì ṣì wà, iṣẹ́ kejì lórí bátìrì tó dára máa ń mú un bọ̀ sípò. Bí ó bá jẹ́ pé volt ti fò sókè lára ṣájà ní àkókò kan ṣáájú ìgbà tó sọ̀, nǹkan lè ti jó nínú bọ́ọ̀dù, programming ò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ sọ òótọ́ ibi tí iṣẹ́ dé fún olówó mọ́tò lónìí, kí ó má jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì tó tún kọ̀, ẹ kọ̀wé padà sí mi pẹ̀lú nǹkan mẹ́rin: volt tí ẹ kà ní ẹsẹ̀ 16 nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, volt AC tí ṣájà yín fi hàn, bóyá fáànù ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ já, àti ọ̀rọ̀ tí laptop kọ síwájú yín gan-an, bó ṣe kọ ọ́.